Ìlà àti Òpó: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Tọ́jú Èsì Bọ́ọ̀lù, àti Ohun Tó Kàn Wá Níbẹ̀

Bí ẹ bá ti kọ́ bí a ṣe ń fi Python kọ ètò kékeré, tí ẹ sì ti mọ bí a ṣe ń to nǹkan sínú lísìtì kan ṣoṣo, ohun tó kàn ni àtẹ oníhà méjì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ti máa ń sọ pé ó ti di iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò, tí wọ́n á sì padà sídìí bírò àti ìwé onílà. Èmi kò rò pé ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé gbogbo wa ló mọ bí a ṣe ń ka tábìlì líìgì, títí kan àwọn tó máa ń sọ pé àwọn kì í wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tí a bá dé ìparí, a ó rí i pé àtẹ tí a fi ka góòlù yìí kan náà ló lè bá wa ka ohùn inú dátà wa.

Ọpọ́n ayò nínú kọ̀ǹpútà

Ọpọ́n ayò ní ìlà méjì, ihò mẹ́fà ló sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni à ń kó sínú ihò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 48. Bí mo bá ní kí ẹ bá mi mú ọmọ ayò kan níbẹ̀, ìbéèrè méjì lẹ máa bi mí: orí ìlà wo, inú ihò wo? Ìdáhùn méjì yìí ni ìhà méjì tí à ń sọ. Nínú lísìtì lásán, nọ́ńbà kan péré la nílò kí a tó rí ohun tí à ń wá. Nínú àtẹ oníhà méjì, nọ́ńbà méjì ni: ti ìlà àti ti òpó. Ìlà ló lọ láti òsì sí ọ̀tún, òpó ló dúró lóòró.

Python máa ń ṣe é báyìí:

```
opon = [
    [4, 4, 4, 4, 4, 4],
    [4, 4, 4, 4, 4, 4],
]
```

Lísìtì ńlá kan ló wà níta. Lísìtì kéékèèké méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ ìlà kan. Gbogbo ohun tó wà nídìí rẹ̀ nìyẹn.

Ìsọ̀rí D, ọdún 1994

Ẹ jẹ́ ká wá lo àpẹẹrẹ tí ẹ̀yin tí ẹ ti gboyè jáde tipẹ́ máa rántí dáadáa, tí àwa tí a ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ sì gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá wa: Ife Àgbáyé ọdún 1994 ní Amẹ́ríkà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa lọ síbẹ̀ nìyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ náà sì nìyẹn tí ikọ̀ tó bá borí ní Ife Àgbáyé máa gba póìntì mẹ́ta dípò méjì. Ìsọ̀rí D ni Nàìjíríà wà, pẹ̀lú Bùlùgáríà, Ajẹntínà àti Gíríìsì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n gbá nínú oṣù Kẹfà ọdún náà:

- Ọjọ́ 21: Ajẹntínà 4, Gíríìsì 0
- Ọjọ́ 21: Nàìjíríà 3, Bùlùgáríà 0
- Ọjọ́ 25: Ajẹntínà 2, Nàìjíríà 1
- Ọjọ́ 26: Bùlùgáríà 4, Gíríìsì 0
- Ọjọ́ 30: Bùlùgáríà 2, Ajẹntínà 0
- Ọjọ́ 30: Nàìjíríà 2, Gíríìsì 0

Àtẹ kan ṣoṣo lè gba gbogbo rẹ̀:

```
iko = ["Naijiria", "Bulugaria", "Ajentina", "Giriisi"]

goolu = [
    [None, 3,    1,    2   ],
    [0,    None, 2,    4   ],
    [2,    0,    None, 4   ],
    [0,    0,    0,    None],
]
```

Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ikọ̀ kan, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn nínú lísìtì `iko`. Òpó kọ̀ọ̀kan náà jẹ́ ti ikọ̀ kan, ní ọ̀nà kan náà.

Ta ló gbá a, ta ni wọ́n gbá a sí?

Ìbéèrè yìí ló máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ láàmú jù, ṣùgbọ́n kò yẹ kó da akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka tiwa láàmú. "Adé na Olú" kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú "Olú na Adé." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan náà ni, ṣùgbọ́n ipò tí ọ̀rọ̀ wà ló ń sọ èyí tó jẹ́ olùwà àti èyí tó jẹ́ àbọ̀ fún wa. Bákan náà ni `goolu[i][j]` rí. Ẹni tó wà nípò `i` ni olùwà, òun ló gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ẹni tó wà nípò `j` ni àbọ̀, àwọ̀n tirẹ̀ ni bọ́ọ̀lù wọ̀.

Nítorí náà, `goolu[0][1]` jẹ́ 3: góòlù mẹ́ta tí Rashidi Yekini, Daniel Amokachi àti Emmanuel Amunike gbá sáwọ̀n Bùlùgáríà. Bí a bá yí i padà sí `goolu[1][0]`, 0 la máa rí, ìyẹn góòlù tí Bùlùgáríà gbá sáwọ̀n Nàìjíríà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ló bí nọ́ńbà méjèèjì, àyè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì wà.

Python kò mọ̀ pé ìlà ni olùwà. Àwa la pinnu bẹ́ẹ̀. A lè pinnu pé òpó ni kó jẹ́ olùwà, kò sí ohun tó máa bàjẹ́, bí a kò bá ṣáà ti yí ọ̀rọ̀ padà lágbede méjì. Ẹ kọ ìpinnu yín sókè ètò yín kí ẹ tó kọ ohunkóhun mìíràn.

Ìjẹta àti òdo

Ẹ ti rí i pé Nàìjíríà, tó wà lókè pátápátá, nọ́ńbà 0 ló ní, kì í ṣe 1. Gíríìsì tó ṣe ìkẹrin ní 3. Ọ̀pọ̀ ló máa ń bi mí pé kí ló dé.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí: ìjẹta. Ọjọ́ tó ṣáájú àná ni. Bí a bá ka ìgbésẹ̀ tí a máa gbé padà sẹ́yìn láti òní, méjì péré ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìdí ni pé a ka òní fúnra rẹ̀ mọ́ ọn: òní, àná, ìjẹta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjẹrin ṣe jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Yorùbá máa ń ka ibi tó dúró sí mọ́ iye. Python kì í kà á. Ohun tí nọ́ńbà rẹ̀ ń sọ ni iye ìgbésẹ̀ tí a máa gbé kúrò níbi ìbẹ̀rẹ̀. Láti dé ọ̀dọ̀ Nàìjíríà, a kò nílò láti gbé ẹsẹ̀ rárá, nítorí náà 0 ni. Láti dé ọ̀dọ̀ Gíríìsì, ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni.

Ẹni tó bá kọ `goolu[4]` ti gbé ìgbésẹ̀ mẹ́rin nínú ilé oníyàrá mẹ́rin, ó ti bọ́ síta. Python máa dá a dúró pẹ̀lú `IndexError`.

Òdo yàtọ̀ sí "kò sí"

Kí ni `None` tó wà láti igun òkè lápá òsì dé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ń ṣe níbẹ̀? Ikọ̀ kan kì í bá ara rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹn kò sí, a kò sì gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà síbẹ̀.

Ẹ wá fi wé ìlà Gíríìsì. Òdo mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Gíríìsì gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn kò sì rí ẹyọ góòlù kan gbá wọlé. Òdo yẹn jẹ́ èsì: wọ́n sáré, wọ́n làágùn, wọn kò rí nǹkan kan mú bọ̀. `None` ń sọ pé kò sẹ́ni tó lọ sórí pápá rárá.

Bí a bá kó òdo sínú gbogbo àtẹ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ètò wa máa gbà pé gbogbo ikọ̀ ti gbá ọ̀mì, òdo sí òdo, á sì pín póìntì fún wọn lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí kò tíì wáyé. Bí a bá kó `None` sí i, ètò náà máa mọ̀ pé kí òun ṣì ní sùúrù.

Ilé kan, ilẹ̀kùn mẹ́rin

Ó wá yẹ kí a ní àtẹ òfìfo tí a máa kó èsì sí bí ó bá ṣe ń wọlé. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ lọ́kàn ni èyí:

```
goolu = [[None] * 4] * 4
goolu[0][1] = 3
```

Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́ jáde, ohun tẹ́ ẹ máa rí nìyí:

```
[None, 3, None, None]
[None, 3, None, None]
[None, 3, None, None]
[None, 3, None, None]
```

Gbogbo ikọ̀ ló ti gbá góòlù mẹ́ta sáwọ̀n Bùlùgáríà, títí kan Bùlùgáríà fúnra rẹ̀! Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé `* 4` tó wà níta kò kọ́ ìlà mẹ́rin. Ìlà kan ló kọ́, ó wá ya ilẹ̀kùn mẹ́rin sí i. Ilẹ̀kùn yòówù kí ẹ gbà wọlé, yàrá kan náà lẹ máa bá ara yín. Python kò ní sọ fún yín pé nǹkan kan bàjẹ́, nítorí pé lójú tirẹ̀, ohun tí ẹ ní kó ṣe ló ṣe.

Báyìí la ṣe ń kọ́ ilé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀:

```
goolu = [[None] * 4 for i in range(4)]
```

`for` yẹn ń mú kí Python kọ́ ìlà tuntun ní gbogbo ìgbà tó bá yí po.

Ó ku ìṣirò

Ẹ jẹ́ ká padà sí àtẹ tó ti kún. Góòlù tí ikọ̀ kan gbá wọlé ni àpapọ̀ ìlà rẹ̀. Góòlù tí wọ́n gbá sí i ni àpapọ̀ òpó rẹ̀. Fún póìntì, a ó fi `goolu[i][j]` wé `goolu[j][i]`.

```
pointi = [0] * 4
wole   = [0] * 4
si_won = [0] * 4

for i in range(4):
    for j in range(4):
        if goolu[i][j] is None:
            continue
        wole[i]   += goolu[i][j]
        si_won[i] += goolu[j][i]
        if goolu[i][j] > goolu[j][i]:
            pointi[i] += 3
        elif goolu[i][j] == goolu[j][i]:
            pointi[i] += 1
```

`for` àkọ́kọ́ ń mú ìlà kọ̀ọ̀kan. `for` kejì ń rin ìlà náà láti òpó kan sí èkejì. Bí ó bá bá `None` pàdé, `continue` ní kó máa kọjá lọ. Ohun tí a máa rí nìyí:

| Ikọ̀ | Póìntì | Wọlé | Sí wọn | Ìyàtọ̀ |
|---|---|---|---|---|
| Nàìjíríà | 6 | 6 | 2 | +4 |
| Bùlùgáríà | 6 | 6 | 3 | +3 |
| Ajẹntínà | 6 | 6 | 3 | +3 |
| Gíríìsì | 0 | 0 | 10 | −10 |

Ọ̀nà kan wà láti yẹ iṣẹ́ wò. Gbogbo góòlù tó wọlé gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú gbogbo góòlù tí wọ́n gbá síni: 18 ní apá kan, 18 ní apá kejì. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ tún wo `i` àti `j` yín dáadáa.

Góòlù Amokachi

Ikọ̀ mẹ́ta ní póìntì mẹ́fà-mẹ́fà. Ìyàtọ̀ góòlù ló gbé Nàìjíríà lékè, ẹyọ góòlù kan péré sì ni ìyàtọ̀ náà fi ju ti àwọn méjì yòókù lọ. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí góòlù kan lè ṣe.

Lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹfà, Finidi George ti gbá góòlù kan sáwọ̀n Gíríìsì. Ìgbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ti wọ àfikún àkókò ni Amokachi tó gbá èkejì wọlé. Nínú àtẹ wa, góòlù yẹn wà nínú `goolu[0][3]`. Ẹ yí i padà láti 2 sí 1, kí ẹ sì tún ètò náà ṣí.

Nàìjíríà máa ní póìntì mẹ́fà síbẹ̀, ṣùgbọ́n góòlù márùn-ún ló máa wọlé, ìyàtọ̀ á sì di +3, bíi ti Bùlùgáríà àti Ajẹntínà. Níbi tí ìyàtọ̀ góòlù bá ti dọ́gba, òfin ọdún náà ní kí a wo iye góòlù tó wọlé. Àwọn méjì yòókù ní mẹ́fà-mẹ́fà. Nàìjíríà ì bá bọ́ sí ipò kẹta. Ẹni tó ń wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà lè rò pé góòlù àfikún ayọ̀ lásán ni, nígbà tí Nàìjíríà ti ń borí tẹ́lẹ̀. Àtẹ sọ pé góòlù yẹn ló gbé wa láti ipò kẹta sí ipò kìn-ín-ní. Ìyẹn ló sọ pé Ítálì la máa bá pàdé ní ìpele tó kàn, níbi tí wọ́n ti fi góòlù méjì sí ẹyọ kan lé wa wálé lẹ́yìn àfikún àkókò.

Ohun tí àpapọ̀ kò lè sọ

Ẹlòmíràn lè bi mí pé: kí la tún ń fi àtẹ oníhà méjì ṣe, nígbà tí póìntì, góòlù tó wọlé àti góòlù tí wọ́n gbá síni ti wà? Ṣé lísìtì mẹ́ta yẹn kò tó ni?

Kò tó. Ẹ wo Bùlùgáríà àti Ajẹntínà. Póìntì dọ́gba, ìyàtọ̀ góòlù dọ́gba, góòlù tó wọlé dọ́gba. Bí a bá ní kí Python tò wọ́n báyìí:

```
def osuwon(i):
    return (pointi[i], wole[i] - si_won[i], wole[i])

ipo = sorted(range(4), key=osuwon, reverse=True)
```

Bùlùgáríà ló máa fi ṣe ìkejì, ìyẹn sì bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n ẹ má yọ̀ jù. Bí nǹkan bá dọ́gba, `sorted` máa ń fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tò tẹ́lẹ̀. Ohun tó gbé Bùlùgáríà ṣáájú ni pé àwa la kọ orúkọ rẹ̀ ṣáájú. Ká ní Ajẹntínà la kọ́kọ́ kọ ni, Ajẹntínà ni ì bá ṣe ìkejì. Ìdáhùn náà tọ̀nà, ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ kò tọ̀nà.

Òfin ní kí a wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí àwọn méjèèjì bá ara wọn gbá. Ìdáhùn wà nínú `goolu[1][2]` àti `goolu[2][1]`: 2 sí 0. Bùlùgáríà ló borí, òun ló ṣe ìkejì ní tòótọ́. Ajẹntínà ṣe ìkẹta, ó sì pàdé Rùmáníà, tó fi góòlù mẹ́ta sí méjì lé e jáde. Kò sí bí lísìtì mẹ́ta yẹn ṣe lè sọ èyí fún wa. Ní kété tí a bá ti ro nǹkan pọ̀, a ti pàdánù ẹni tó ṣe é àti ẹni tí wọ́n ṣe é sí. Nítorí náà, àtẹ ni kí ẹ tọ́jú. Àpapọ̀ lè tinú àtẹ jáde nígbàkígbà. Àtẹ kò lè tinú àpapọ̀ jáde láé.

Láti pápá bọ́ọ̀lù sínú dátà wa

Ibi tó kàn wá nìyí. Ohun mẹ́ta ni ohùn Yorùbá: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀-orúkọ onísílébù méjì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì. Ẹ jẹ́ kí ìlà jẹ́ ohùn sílébù àkọ́kọ́, kí òpó jẹ́ ohùn sílébù kejì, kí ètò yín sì fi ẹyọ kan kún àyè tó bá yẹ nígbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bá wọlé. Mo mú ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré: ọkọ́, ọkọ, ọkọ̀, ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ, ọ̀kọ̀.

| | òkè | àárín | ìsàlẹ̀ |
|---|---|---|---|
| òkè | 0 | 0 | 0 |
| àárín | 1 | 1 | 1 |
| ìsàlẹ̀ | 1 | 1 | 1 |

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fi ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ mìíràn kún un, àyè mẹ́fà ìsàlẹ̀ máa kún, ìlà òkè máa wà ní òfìfo, àfi tí ọ̀rọ̀ àyálò bá yọ́ wọlé. Òfin tí wọ́n kọ́ wa ní fonọ́lọ́jì nìyẹn, pé ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì kì í fi ohùn òkè bẹ̀rẹ̀. Nínú àtẹ, ojú la fi ń rí i.

Bí a bá sì ka ohùn ìbẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀, tí a ka ohùn ìparí lọ́tọ̀, a kò ní mọ èyí tó bá èyí rìn, bí a kò ṣe mọ ẹni tó na Ajẹntínà nígbà tí àpapọ̀ nìkan wà lọ́wọ́ wa. Òdo náà tún ti wá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Níhìn-ín, òdo túmọ̀ sí pé a wá a, a kò rí i, èyí tó jẹ́ àbájáde ìwádìí. Ẹni tí kò tíì wá a rárá, `None` ló yẹ kó kọ síbẹ̀.

Púpọ̀ nínú wa ló máa kó dátà jọ fún iṣẹ́ àṣekágbá lọ́dún yìí: ohùn, àrànmọ́, ìpajẹ, ọ̀rọ̀ àyálò. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bírò fa igi mẹ́rin-mẹ́rin kí ẹ sì dá ìkarùn-ún bú u, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì péré: kí ló máa jẹ́ ìlà mi, kí ló máa jẹ́ òpó mi? Ẹni tó bá ti rí ìdáhùn sí méjèèjì ti kọ ìdajì ètò rẹ̀.